Arọ́pò Gelatin: Kí Ló Ń Ṣe Marshmallow Tí A Fi Agar Ṣe?

Ohùn, mọ́fíìmù àti gbólóhùn la sábà máa ń kà níbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n wọ ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní rìn jìnnà sí iṣẹ́ wa, nítorí "arọ́pò", ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ti ń bá yí láti ìpele àkọ́kọ́, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Orúkọ ni kí á kọ́kọ́ mú. Marshmallow, ìpápánu funfun tó rọ̀ bí òwú tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn yẹn, orúkọ ewéko ni tẹ́lẹ̀. Etí àbàtà ni ewéko náà ti ń hù nílẹ̀ Yúróòpù. Althaea officinalis ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ìdílé kan náà ni òun àti ilá. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa yọ̀ bí ilá ṣe ń yọ̀, oje tó ń yọ̀ yìí sì ni àwọn ará Faransé ń pò mọ́ ṣúgà àti funfun ẹyin ní àwọn ọdún 1800 láti fi ṣe ìpápánu náà. Nígbà tó yá, gelatin dé. Iṣẹ́ rẹ̀ yá ju ti gbòǹgbò lọ, wọ́n sì pa gbòǹgbò tì. Orúkọ kò kúrò ní tirẹ̀. Ẹni tó ra marshmallow lónìí, kò sí gbòǹgbò kankan nínú ohun tó rà. Àwọn olùkọ́ wa nínú ìmọ̀ ìtumọ̀ á fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé gelatin tí a fẹ́ wá arọ́pò fún yìí, arọ́pò lòun náà.

Kí ló wá dé tí a fi ń wá arọ́pò fún arọ́pò? Ìlọrin ni mo ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ìpápánu ló ń ṣe tà: kéèkì kékeré, ṣinṣín, àti marshmallow tó ń dì sínú ọ̀rá fún ọjọ́ ìbí àti wòlímà. Mùsùlùmí lọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀. Ìyá kan tó fẹ́ gba ọgọ́ta ọ̀rá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ara ẹran wo ni gelatin inú rẹ̀ ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi yẹ ike rẹ̀ wò tọ̀tún tòsì. "Gelatin" nìkan ni wọ́n kọ sí i. Awọ àti egungun ẹran ni wọ́n ti ń yọ gelatin, ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ló sì pọ̀ jù nínú ẹran tí wọ́n ń lò. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún ìyá náà pé òun kò lè búra. Ìyá náà dúpẹ́, ó gba kéèkì nìkan, ó lọ. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun kò ní fi ohun tí òun kò lè jẹ́rìí sí sẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Èmi ló di iṣẹ́ náà rù: "Ìwọ lo ń kàwé, bá mi wá a kàn."

Ẹ má sì rò pé bí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé ti màlúù ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Lójú ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí, màlúù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n dúńbú bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Bí ẹ bá rí gelatin tó ní òǹtẹ̀ hàláàlì tí ọkàn yín balẹ̀ sí, ẹ rà á, ẹ jẹ́ kí àwa yòókù máa bá ìjàkadì wa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti se ẹsẹ̀ màlúù rí ti rí gelatin kí ẹ tó mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ gbé omi ọbẹ̀ náà sínú fíríìjì di àárọ̀, yóò dì, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án yóò máa mì. Ẹ gbé e kaná díẹ̀, yóò padà di omi. Ohun tó yọ́ jáde lára awọ àti iṣan nìyẹn. Nínú marshmallow, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe pọ̀. Èkíní, bí a ti ń pò ó, ó ń di afẹ́fẹ́ mú, gbogbo rẹ̀ á hó, á sì wú. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa: olákàrà mọ ìdí tó fi ń po ẹ̀wà títí apá fi ń ro ó, bí afẹ́fẹ́ ò bá wọ inú ẹ̀wà lílọ̀, àkàrà á le bí òkúta. Èkejì, bí ó bá tutù, ó ń dì, á sì há afẹ́fẹ́ náà mọ́ ibi tó wà. Lẹ́yìn èyí, ó tún ní ìwà kan tó dára: ní nǹkan bí 35°C ló ń yọ́, ẹnu ọmọ ènìyàn sì tó 37°C. Ìdí nìyẹn tí marshmallow fi ń yọ́ lórí ahọ́n.

Agar-agar ni arọ́pò tó rọrùn jù láti rí. Ara koríko òkun pupa ni wọ́n ti ń yọ ọ́, àwọn ará Japan sì ti ń fi ṣe oúnjẹ dídì láti ayé àtijọ́. Kanten ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹran kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ méjì tí mo kà sílẹ̀, ẹyọ kan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó mọ bí a ṣe ń dì, ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ju gelatin lọ. Kò mọ bí a ṣe ń di afẹ́fẹ́ mú.

Ẹ wo "mo" nínú èdè wa. Arọ́pò orúkọ ni. Ó lè jókòó síbi tí Adé ń jókòó nínú "Adé lọ", kí ó di "Mo lọ". Ṣùgbọ́n Adé lè gba "ni" sẹ́yìn, "Adé ni mo rí". Adé lè bá Bọ́lá so pọ̀ pẹ̀lú "àti". Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "mo ni", kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé "mo àti o". "Èmi" la ń pè wá ṣe ìyẹn. Agar ni "mo" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá fẹ́ kí iṣẹ́ orúkọ pé, a ní láti wá "èmi" kún un.

Èyí ló jẹ́ kí n lè dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn nígbàkigbà tí àwo kan bá bàjẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: iṣẹ́ wo ni kò ṣe?

Àbùkù tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ pò ó títí, kí ó ṣì jẹ́ omi, kí ó wá dì pẹlẹbẹ sínú àwo pẹ̀lú ìhó díẹ̀ lórí. Ó dì, kò wú. Iṣẹ́ dídi afẹ́fẹ́ mú ni kò rí ẹni ṣe é. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe níbí ni pé wọ́n á fi agar kún un. Ẹ má ṣe é. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kan, bí ẹ sọ ọ́ di mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ máa rí kò ju ìpápánu líle tí eyín ń kọ̀ lọ. Ẹni tó ń po afẹ́fẹ́ ni kí ẹ wá, ìyẹn ni funfun ẹyin. Ẹyin kì í ṣe èèwọ̀ fún Mùsùlùmí, nítorí náà ìṣòro ẹ̀gbọ́n mi kò nílò ju èyí lọ. Ẹni tí kò bá jẹ ẹyin lè lo omi inú agolo ẹ̀wà chickpea. Ará Faransé kan, Joël Roessel, ló fi hàn ní ọdún 2014 pé omi náà ń hó bíi funfun ẹyin. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Goose Wohlt ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní aquafaba, láti inú èdè Látìn, aqua tó jẹ́ omi, faba tó jẹ́ ẹ̀wà. Omi ẹ̀wà ṣáá ni. Èdè wa ì bá ti sọ ọ́ lórúkọ kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Àbùkù kejì dojú kọ èyí: ó wú, ó hó dáadáa, ṣùgbọ́n kò dì. Níbí, ẹ yẹ iná wò. Ẹni tó ti mọ gelatin lára máa ń rẹ ẹ́ sínú omi tútù, á yọ́ ọ nínú omi gbígbóná, kì í jẹ́ kí ó hó. Bí ẹ bá ṣe agar bẹ́ẹ̀, ńṣe ni yóò kàn rìn káàkiri inú omi bí iyẹ̀fun. Agar gbọ́dọ̀ hó, kí ó sì máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Omi nìkan ni kí ẹ fi sè é lákọ̀ọ́kọ́ kí ẹ tó da ṣúgà sí i, torí bí ṣúgà bá pọ̀ lọ́nà, kì í jẹ́ kí agar rí omi mu tó.

Òróǹbó wẹ́wẹ́ tún wà níbẹ̀. Àwọn tó mọ ṣúgà sè máa ń fún òróǹbó díẹ̀ sínú rẹ̀ kí ṣúgà má baà padà di iyanrìn. Ó dára fún ṣúgà, ṣùgbọ́n bí agar bá ń hó pọ̀ pẹ̀lú ohun kíkan, agbára rẹ̀ á dínkù. Ẹ má sì sọ òróǹbó náà nù. Ẹ gbé e lọ sínú funfun ẹyin. Díẹ̀ nínú rẹ̀ níbẹ̀ ń jẹ́ kí ìhó ẹyin dúró. Inú ṣúgà, ẹ fi oyin tàbí glucose rọ́pò rẹ̀.

Òṣùwọ̀n náà ń bẹ níbẹ̀. Agar oníyẹ̀fun àti èyí tó rí bí èèpo wẹ́wẹ́ kò wúwo bákan náà nínú ṣíbí. Ṣíbí ìjẹun kan ti èèpo wẹ́wẹ́ tó nǹkan bíi ṣíbí tíì kan ti iyẹ̀fun. Ẹ lo ìwọ̀n oní-gíráàmù. Ẹ má sì fi iye gelatin gba agar, torí agar lágbára jù ú lọ dáadáa.

Àbùkù kẹta ló pọ̀ jù nílé wa, NEPA ló sì ń fà á. Ẹ ti da omi ṣúgà àti agar gbígbóná sórí ẹyin, ẹ̀rọ ń pò, ó ń wú, ó ń dán. Wọ́n mú iná lọ. Ẹnìkan sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó fi máa dé, ohun inú abọ́ ti gé bí ògì tí wọn ò rò dáadáa. Bí gelatin ni, kò sí wàhálà: ẹ gbé abọ́ lé orí omi gbígbóná díẹ̀, á rọ̀, ẹ ó tún un pò. Agar kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 32°C sí 40°C ló ń dì. Nínú ṣúgà tó ki báyìí, ó tilẹ̀ ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá sì ti dì, àfi kí ooru tó bíi 85°C kó tó yọ́. Kí ẹ tó fi gbé e dé ibẹ̀, ìhó ẹyin ti kú. Ìgbà kan ṣoṣo ni agar ń gbà yín láyè. Nítorí náà, kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó wá àwo tí ẹ ó dà á sí. Kí àwo ti wà nílẹ̀, kí iyẹ̀fun ti wà nínú rẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ ti máa ṣiṣẹ́ tàbí kí ẹni tó lápá di ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ mú. Ẹ má pò ó tutù. Bí ìdí abọ́ bá ṣì gbóná dáadáa lọ́wọ́, tí ohun inú rẹ̀ sì ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu tó ki, ẹ dà á.

Agídí tí agar ní sí ooru yìí ní àǹfààní tirẹ̀. Ní ọdún 1881, Walther Hesse ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Robert Koch ní Berlin, ó ń fi gelatin tọ́jú kòkòrò àìfojúrí. Bí ooru bá ti mú, gelatin á yọ́, àwọn kòkòrò kan tilẹ̀ ń sọ ọ́ di omi fúnra wọn. Ìyàwó rẹ̀, Fanny Hesse, ló sọ fún un pé kó lo agar, torí òun náà ló ń fi ṣe oúnjẹ dídì nílé tí ooru kì í mú un yọ́. Ọwọ́ ará Netherlands kan tó ti gbé ní Java ló ti kọ́ ọ. Ní 1882 ni Koch mẹ́nu kan agar nínú ìwé rẹ̀, títí di òní sì ni wọ́n ń lò ó. Láti ilé ìdáná obìnrin ló ti wọ ilé ìwádìí. Ẹni tó bá mọ oṣù Ẹrẹ́nà ní Ìlọrin á mọ ohun tí mò ń sọ: marshmallow oní-gelatin tó wà nínú ọkọ̀ láti Tankẹ̀ dé Ọjà Ọba lè ti di ọ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀rá. Ti agar á dé bó ṣe kúrò nílé. (Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀rẹ́ ní ẹ̀ka Microbiology, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní agar ilé ìwádìí. Wọ́n ti po oúnjẹ kòkòrò pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, omi ẹran sì lè wà níbẹ̀. Oúnjẹ ènìyàn kọ́.)

Omi jíjò ni àbùkù kẹrin. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ìdí àwo á tutù, iyẹ̀fun tí ẹ fi bò ó á di ẹrẹ̀. Ìwà agar ni, ó máa ń tu omi bó ti ń dàgbà, ṣúgà náà sì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ lásìkò òjò. Ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú níta fíríìjì lábẹ́ fáànù kí awọ fẹ́lẹ́ tó bò ó, kí ẹ tó gé e, kí ẹ sì tó fi iyẹ̀fun àgbàdo àti ṣúgà lílọ̀ ọgbọọgba bò ó. Nígbà ọyẹ́, kò pẹ́ rárá. Àwọn ìwé ìlànà kan á ní kí ẹ fi locust bean gum díẹ̀ sí i kí ó má baà jò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì bi mí bóyá irú ni. Irú kọ́ o! Èso igi carob, tí wọ́n ń gbìn lẹ́bàá òkun Mẹditaréníà, ni wọ́n ti ń yọ tìyẹn. Igi igbá ló ń so èyí tí a fi ń ṣe irú tiwa. Gẹ̀ẹ́sì ló fi orúkọ kan pe igi méjì. Ẹ wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí wòlímà ẹlẹ́wòlímà.

Orúkọ náà tún dá wa dúró nígbà tí a fẹ́ tẹ ìwé ara ọ̀rá. Èdè Malay ni agar-agar ti wá, àpètúnpè kíkún ni, bíi "kíákíá" tiwa. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá. Mo ní "ágà" ni kó jẹ́, ohùn òkè níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti tẹnu mọ́ ọn, ohùn ìsàlẹ̀ níparí, bí a ṣe ń yá ọ̀rọ̀ wọlé. Atẹ̀wé kó gbogbo àmì ohùn dànù, ó ku "aga". Aládùúgbò wa kan kà á, ó béèrè bóyá àga la gún sínú ìpápánu ọmọdé. Ohun tó wà lára ọ̀rá báyìí ni: "Ẹyin, ṣúgà, oyin, agar-agar láti ara koríko òkun."

Iye tó bá wa lára mu nìyí: funfun ẹyin mẹ́ta, omi mílílítà 150, agar oníyẹ̀fun gíráàmù 6, ṣúgà gíráàmù 300, oyin gíráàmù 40. Ẹ fi agar sómi, ẹ sè é bí mo ti wí, ẹ da ṣúgà àti oyin sí i, ẹ jẹ́ kí ó hó dé 110°C. Ẹni tí kò ní tẹ̀mómítà, kó gbé ṣíbí sókè, bí ó bá ń fà bí òwú tín-ín-rín, ó ti tó. Ìkòkò tó ga ni kí ẹ lò torí agar máa ń ru jáde. Kí ẹyin àti òróǹbó díẹ̀ ti hó gidi nínú abọ́ kó tó dìgbà yẹn. Ẹ máa da omi ṣúgà sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rọ ti ń yí, ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i, ẹ dà á sínú àwo.

Kò ní fà bíi ti gelatin. Bí ẹ bá bù ú jẹ, á gé wẹ́rẹ́ bí ẹ̀kọ jíjẹ tútù, ṣùgbọ́n pẹ̀lú afẹ́fẹ́ nínú. Ẹ̀gbọ́n mi kà á sí àbùkù. Èmi kò gbà. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní ìpápánu kan tí wọ́n ń pè ní zefir: ápù tí wọ́n sè, tí wọ́n sẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ funfun ẹyin àti ṣúgà, wọ́n á wá fi agar mú un dì. Kò sẹ́ni tó ń bá a wí níbẹ̀ pé kò fà, torí orúkọ tirẹ̀ ló ń jẹ́. Gúáfà la fi rọ́pò ápù nílé, gíráàmù 100, a sè é títí ó fi ki, a sẹ́ kóró rẹ̀ kúrò, a pò ó mọ́ ẹyin kí omi ṣúgà tó wọlé. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti òdòdó, òórùn rẹ̀ sì kún gbogbo pálọ̀. Nínú gbogbo ohun tí a dán wò, òun ni mo fẹ́ràn jù, òun sì ni àwọn ọmọ àdúgbò kọ́kọ́ jẹ tán.

Ohun kan kù tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà kó tó sanwó. Ẹni tó fẹ́ jù ú sínú kòkó gbígbóná, kí ó yọ́ bí èyí tó rí nínú fíìmù, kò ní yọ́. Á léfòó, ṣúgà ara rẹ̀ á tú díẹ̀, agar inú rẹ̀ á dúró síbẹ̀ gbọin, torí kòkó tí ènìyàn lè gbé sẹ́nu kò gbóná tó 85°C. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ ọ́ fún wọn báyìí kó tó di ọ̀rá. Àwọn tó fẹ́ ti inú kòkó ń lọ, àwọn tó fẹ́ fọwọ́ mú un jẹ ń rà á.